Ìwo Àgbò Inú Òkúta: Àyẹ̀wò Orúkọ Àwọn Ámónáìtì Ilẹ̀ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, orúkọ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Kì í ṣe orúkọ ọmọ ènìyàn, bí kò ṣe orúkọ àwọn ẹran omi kan tí wọ́n ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ènìyàn tó dé ayé, tí ìkarahun wọn sì ti di òkúta. Ámónáìtì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe onímọ̀ rárá ni wọ́n ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn wá àwọn ìkarahun yìí kiri etí òkun àti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Wọ́n á ṣà wọ́n jọ, wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á tò wọ́n sínú àpótí. Ní ìhà tiwa, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí wọn kò kéré, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí yóò fi ojú lámèyítọ́ wo orúkọ tí wọ́n ń jẹ́: ta ni ó sọ wọ́n, kí ni àwọn orúkọ náà ń sọ nípa wa, kí ni a ó sì máa pè wọ́n bí a bá fẹ́ fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ wa nípa wọn? Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ìbéèrè wọ̀nyí. N kò sọ pé mo fẹ́ kọ́ àwọn onímọ̀ òkúta ní iṣẹ́ wọn.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá wo ámónáìtì lóde, bí ìwo àgbò tó ká mọ́ra wọn ni ó rí, tàbí bí okùn tí a ká sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè é ní ìgbín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí ìgbín tímọ́tímọ́. Ẹbí àwọn ẹran òkun tí ọwọ́ wọn ń yọ láti ibi orí ni, irú èyí tí àwọn apẹja máa ń rí nínú àwọ̀n, tó máa ń tú omi dúdú bí tàdáà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Inú ìkarahun ámónáìtì kò sì rí bí inú ìkarahun ìgbín, nítorí yàrá yàrá ni ó wà. Yàrá tó kẹ́yìn, tó tóbi jù, ni ẹran náà ń gbé. Bó bá ti ń dàgbà ni yóò máa sún síwájú, tí yóò sì máa mọ ògiri sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú gbogbo yàrá wọ̀nyí kọjá. Òun ni ẹran náà fi ń fa omi kúrò nínú wọn kí ó lè léfòó. Nígbà tí ó bá kú, ìkarahun rẹ̀ á rì sínú ẹrẹ̀, ẹran ara á jẹrà, ẹrẹ̀ á kún àwọn yàrá náà, ẹrẹ̀ á sì le di òkúta. Ọ̀pọ̀ èyí tí a rí ní Nàìjíríà ni ìkarahun rẹ̀ gan-an ti jẹ dànù, tó jẹ́ pé ohun tó kún inú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, bí ìgbà tí a bá fọ́ ìkòkò tí ohun tí a dà sínú rẹ̀ ti dì.

Níbi tí ògiri kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ìkarahun, ilà kan máa ń wà níbẹ̀ tí yóò hàn bí ìkarahun òde bá ti jẹ. Ilà yìí kì í ṣe gbọọrọ. Ó máa ń wọ́, ó máa ń yọ ẹ̀ka, ó sì yàtọ̀ láti ìran kan sí èkejì. Ojú ilà yìí ni àwọn onímọ̀ ń wò kí wọ́n tó mọ irú ámónáìtì tó wà lọ́wọ́ wọn. Yorùbá kò ní ìṣòro láti lóye èyí. Àwọn bàbá wa náà a máa wo àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́ lójú àlejò kí wọ́n tó mọ ilé tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ náà ‘ámónáìtì’ fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù tó kú ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ti mẹ́nu ba òkúta kan tó ń jẹ́ ìwo Ámónì. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ dà bí wúrà, ó rí bí ìwo àgbò, ó wà lára àwọn òkúta mímọ́ jùlọ ní Etiópíà, wọ́n sì gbàgbọ́ pé ó ń fi àlá tó ń sọ ọjọ́ iwájú han ènìyàn. Ámónì tí ó ń wí ni òrìṣà Íjíbítì tí wọ́n máa ń fi àgbò ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fi ń pe ẹran yìí lónìí ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gíríìkì àti Látìnì ni ó gbà kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò ti dìde báyìí. Wọn yóò ní, ṣé àgbò kọ́ ni Ṣàngó ń jẹ, ṣé òkúta kọ́ ni ẹdùn àrá, ṣé Ámónì àti Ṣàngó kì í ṣe ọ̀kan náà? Ọ̀nà tí J. Olumide Lucas tọ̀ ní 1948 nígbà tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ọ̀rọ̀ Íjíbítì nìyẹn, ọ̀nà náà kò sì já síbì kankan fún ẹni tó bá mọ òfin ìfiwéra èdè. Kí àgbò wà níbí kí ó sì wà lọ́hùn-ún kò ju pé ènìyàn méjèèjì ń sin àgbò lọ.

Ohun tí a lè fi ẹdùn àrá wé láìṣini lọ́nà ni bí àwọn ènìyàn ibòmíràn ṣe gba òkúta wọn. Ní Whitby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ejò ni ámónáìtì jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé Hilda mímọ́ ló sọ wọ́n di òkúta. Nítorí pé òkúta náà kò ní orí, àwọn tó ń tà á a máa gbẹ́ orí ejò sí i. Ní odò Gandaki ní Nepal, àmì òrìṣà Vishnu ni. Ẹdùn àrá tiwa kì í ṣe ámónáìtì. Àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni: ènìyàn rí ohun tí kò mọ ẹni tó ṣe é nínú ilẹ̀, ó ṣà á, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tó bá èrò ìlú rẹ̀ mu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ṣíṣa òkúta àtijọ́ jọ jẹ́ àṣà Òyìnbó nìkan. Àwọn adóṣù Ṣàngó ti ń ṣe é tipẹ́.

Accra ni a ti ń kọ iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí a wo ilẹ̀ tí a dúró lé. Àwọn òkúta tó yọrí sí etí òkun ní àárín ìlú yìí, láti ìhà James Town títí dé ìhà Osu níbi tí Christiansborg wà, jẹ́ yanrìn àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó ti le. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi pè wọ́n: Accraian. Sáà Devonian ni wọ́n ti wá, ìyẹn láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 419 sí mílíọ̀nù 359 ọdún sẹ́yìn. Ní 1963, Saul, Boucot àti Finks tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ẹran òkun inú òkúta yìí, wọ́n sì fi ojú tuntun wo ìgbín òkun kan tó ń jẹ́ Plectonotus. Ámónáìtì gidi kò lè sí níbẹ̀. Nígbà tí a ń tẹ́ òkúta Accra sílẹ̀, àwọn baba ńlá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní òkun ayé ni. Àwọn tí a mọ̀ sí ámónáìtì kò dé títí di nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkúta òkun ti sáà Cretaceous ní Ghana yóò lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, sí Nauli ní ìtòsí Half Assini. L. R. Cox kọ̀wé lórí àwọn ẹran inú òkúta sáà náà àti ti Eocene ní Gold Coast ní 1952.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀nà kan níbí, torí pé orúkọ ni à ń sọ. Nínú James Town kan náà ni àdúgbò Ngleshie Alata wà. Àwọn òpìtàn so Alata pọ̀ mọ́ Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, níbi tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ti kó òṣìṣẹ́ wá sí odi wọn ní Accra ní ọ̀rúndún 17. Lẹ́yìn náà ni Alata di orúkọ tí àwọn ará ibí fi ń pe Yorùbá àti àwọn mìíràn tó ti ìlà-oòrùn wá. Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n fi etí ara wọn tú u: oní àti ata, aláta, ẹni tó ń ta ata. Ìtúpalẹ̀ náà bá òfin gírámà mu láìkù síbì kan, síbẹ̀ kò fi hàn pé òun ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì di ẹrù wọn. Àwọn ènìyàn lọ. Orúkọ kò lọ. Títí di òní, ọṣẹ dúdú ń jẹ́ alata samina lọ́jà Accra. Bí àwọn tó ń ṣa òkúta ṣe ń wo ẹrẹ̀ tó le láti mọ òkun tó ti gbẹ ni àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń wo irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Wàyí o, Nàìjíríà ni ámónáìtì pọ̀ sí. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 94 ọdún sẹ́yìn, omi òkun ga ju bó ti wà lónìí lọ púpọ̀. Apá kan láti ìhà gúúsù gba àfonífojì Benue gòkè. Apá kejì láti òkun Tethys ní àríwá gba orí Sàhárà wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé omi méjèèjì pàdé, àwọn ámónáìtì ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí: irú kan náà tí a rí ní Damergou ní orílẹ̀-èdè Niger ni a rí ní agbègbè Gombe. Ẹ̀rí kejì kọjá òkun. Ní 1972, Reyment àti Tait fi àwọn ámónáìtì Nàìjíríà àti ti Brazil sọ ìgbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà pínyà tí òkun Atlantic sì là sí àárín wọn. Òkè òkun tí a kó àwọn ènìyàn wa lọ lẹ́yìn náà ti jẹ́ ilẹ̀ kan pẹ̀lú tiwa rí.

Ta ni ó kọ́kọ́ fún wọn lórúkọ? J. D. Falconer ni ó darí ìwádìí ohun àlùmọ́nì ní Northern Nigeria láti 1904 sí 1909. Ìwé rẹ̀ lórí òkúta àti ilẹ̀ agbègbè náà jáde ní 1911, inú rẹ̀ sì ni Henry Woods ti Cambridge ti ṣàpèjúwe àwọn ẹran inú òkúta. Woods pe ọ̀kan ní nigeriensis, ó pe òmíràn ní gongilensis, nítorí Gongila tí wọ́n ti rí i. Ní ọdún 1950 sí i ni R. A. Reyment, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ́fíìsì ìwádìí òkúta Nàìjíríà, gba iṣẹ́ náà ṣe. Òun ni ó fún wa ní Gombeoceras, Bauchioceras, Ezilloella àti Wrightoceras ní 1954. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ámónáìtì gúúsù Nàìjíríà àti gúúsù Cameroon tẹ̀ lé e ní 1955.

Bí a bá fi ojú ẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wò wọ́n, àwọn orúkọ Reyment dùn mọ́ni. Gombe, Bauchi àti Ezillo jẹ́ ìpìlẹ̀. -Ceras jẹ́ ‘ìwo’ lédè Gíríìkì. -Ella ni Látìnì fi ń sọ nǹkan di kékeré. Ezilloella, bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ni ‘ọmọ kékeré Ezillo’. Ìlú Igbo kan, tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìbàdàn tàbí Accra kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọ inú ìwé tí wọ́n ń kà ní Paris àti Tokyo. Ó yẹ kí a yìn ín fún èyí. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kì bá ti wo ìlú. Ènìyàn tiwọn ni wọn ì bá fi sọrí. Reyment náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Wrightoceras. C. W. Wright tó fi dá lọ́lá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, tó ń fi àsìkò ìsinmi rẹ̀ ṣa ámónáìtì, tó sì wá di ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ wọ́n jù láyé. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ òkúta ní Gombe kò sí nínú orúkọ kankan.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan egungun ni òfin àkọ́kọ́-sọ. Nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀dá oníyè, bí ènìyàn méjì bá sọ ẹ̀dá kan náà lórúkọ, orúkọ tó ṣáájú ni yóò borí. Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn wo Gombeoceras, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pinnu pé kò yàtọ̀ sí Thomasites, orúkọ tí Pervinquière ti fi lélẹ̀ ní 1907. Thomas tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Philippe Thomas, dókítà ẹranko ará Faransé tó rí fosfeeti ní Tunisia ní 1885. Nítorí náà, ohun tí a máa ń rí kà lónìí ni Thomasites gongilensis. Gombe ti rì, Thomas ti léfòó. Bauchioceras náà kò dá dúró mọ́ lójú àwọn kan. Wọ́n ti fi í sábẹ́ Pseudotissotia. Òfin ni, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni fi ojú burúkú wò wá. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí ibi tí ìrẹ́jẹ rẹ̀ fara pamọ́ sí. Òfin tó sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀wé ló ni orúkọ kò ṣe ojúsàájú láàárín àwọn tó ní ilé ìtẹ̀wé. Àwọn tí kò ní, ẹjọ́ wọn kò tilẹ̀ dé iwájú adájọ́. Gongila yè ní tirẹ̀, nítorí pé orúkọ kejì ni, èyí tí àyípadà orúkọ àkọ́kọ́ kì í pa rẹ́.

Nigericeras tún jẹ́ ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Wọn a rò pé Nàìjíríà ni. Schneegans ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1943, láti inú òkúta Damergou, Niger ti Faransé ni ó sì ń wí. Irú rẹ̀ tí a mọ̀ jù ni Nigericeras gadeni. Níbi yìí ni mo ti dúró pẹ́. Henri Gaden tó ń jẹ́ orúkọ yìí jẹ́ ọ̀gá ológun Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Zinder, tó sì fi àwọn òkúta Damergou ránṣẹ́ sí Paris. Gaden yìí kan náà ni ó kọ ìwé lórí gírámà èdè Fúlàní, tó sì kó òwe wọn jọ sínú ìwé tó jáde ní 1931. Ọwọ́ kan náà ni ó fi ṣa òkúta tó fi ṣa òwe. Nínú iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Áfíríkà, irú Gaden ni ó ṣáájú wa: ológun, míṣọ́nárì, òṣìṣẹ́ ìjọba. A kò lè tẹ́ńbẹ́lú ohun tí wọ́n kó jọ, nítorí òun ni a ń lò. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ náà.

Ohun tí a fi ń mọ ẹni tó ṣà dáadáa yàtọ̀ sí ẹni tó kàn kó jọ ni àkọsílẹ̀ ibi tí nǹkan ti wá. Nígbà tí Koelle tẹ Polyglotta Africana jáde ní 1854, láti inú ọ̀rọ̀ tó gbà lẹ́nu àwọn ènìyàn tí a dá sílẹ̀ ní Freetown, ó kọ orúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ àti ìlú tí wọ́n ti mú un wá. Ìdí nìyí tí a fi lè bá a jiyàn títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ámónáìtì. Èyí tí a kò mọ ìpele òkúta tí wọ́n ti yọ ọ́ ti di ohun ọ̀ṣọ́. Ó lè rẹwà lórí tábìlì, kò lè sọ ọjọ́ orí òkun kankan. Ní Erfoud ní Morocco, òwò ńlá ni wọ́n ń fi irú òkúta yìí ṣe. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń dán an, wọ́n ń fi ṣe tábìlì àti agbada ìfọwọ́. N kò lè bá àwọn tó ń jẹun nínú iṣẹ́ náà wí. Àwọn tó ń rà á, tí wọn kì í béèrè ibi tó ti wá, ni ọ̀rọ̀ mi bá. Àdéhùn UNESCO ti 1970 lórí gbígbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá ẹnubodè ka irú àwọn òkúta yìí mọ́ ohun tó yẹ kí a dáàbò bò, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ̀wé ní èdè wa iye ìgbà tí wọ́n ti mẹ́nu bà á. Ère Benin nìkan ni a mọ̀.

Ashaka ní ìpínlẹ̀ Gombe fi ìṣòro mìíràn hàn. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì ni, òun sì ni ọ̀kan lára ibi tí ámónáìtì ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ wọn ni ó ń gbé wọn jáde. Bí a bá ti ibẹ̀ pa, a kò ní rí wọn mọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, wọn yóò di ògiri ilé. Ohun tí ibẹ̀ ń fẹ́ ni ẹni tí yóò máa rìn lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí yóò sì ní ilé àkójọ tí yóò kó wọn sí nítòsí. P. M. Zaborski, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ṣe gudugudu méje lórí wọn. Síbẹ̀ nígbà tó kọ̀wé ní 1985 lórí àwọn ti agbègbè Calabar, ilé ìtẹ̀wé British Museum ni iṣẹ́ náà ti jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin tó bá fẹ́ kà á nígbà náà ní láti máa wá a ní London.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ lórí èdè tiwa. Ní 1970, iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ní 1984, Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ìwé yẹn fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ohun tí àwa olùkọ́ èdè ń lò lójoojúmọ́ ni a sọ lórúkọ. A fi òkúta sílẹ̀ fún àwọn tó ni òkúta, àwọn náà sì fi èdè sílẹ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe wà títí di òní.

Kí ni a ó wá pe ámónáìtì? Bí a bá ní ‘ìgbín òkun’, irọ́ ni, a ti sọ ìdí rẹ̀ lókè. Bí a bá ní ‘ìwo àgbò inú òkúta’, bí mo ti fi ṣe àkọlé, ó dára fún àkọlé, ṣùgbọ́n ó gùn jù fún ìwé ẹ̀kọ́, ọmọdé yóò sì lọ máa wá àgbò. Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni òkòtó. Ìkarahun tó ń yí bí ó ti ń gbòòrò ni òkòtó, òun náà sì ni àwọn ọmọdé ń fi ta nílẹ̀. Juana Elbein dos Santos, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Nàgó Bahia tó jáde ní 1976, ṣàlàyé bí òkòtó ṣe dúró fún ìdàgbàsókè tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ kan, tó sì ń yí tó ń fẹ̀. Èyí bá bí ámónáìtì ṣe ń dàgbà mu ju orúkọ Látìnì kankan lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ní òkòtó ní ṣóńṣó, nígbà tí ámónáìtì pẹrẹsẹ. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá òkòtó oníyàrá: yàrá ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ìkarahun mìíràn tí ọmọ Yorùbá mọ̀. Fún ilà ibi tí ògiri ti so mọ́ ìkarahun, kí a máa pè é ní ilà, kí a sì dákẹ́. Fún gbogbo abẹ̀mí tó ti di òkúta, mo ti gbọ́ ‘fọ́síìlì’ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ‘òkú-dòkúta’ wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń túmọ̀ ara rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò lójú ẹsẹ̀. Ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun láti 1960 síwájú, àti ní Onigbolo láàárín àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin, ìkarahun ń bẹ nínú òkúta, àwọn ọmọ sì ń ṣà wọ́n. Òkúta Ewékorò ti sáà Paleocene ni, lẹ́yìn tí ámónáìtì ti run kúrò láyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ tó bá ní òkòtó oníyàrá lẹ́nu lè sọ fún ọmọ pé kí ó fọ́ èyí tó rí wò: bí kò bá sí yàrá nínú rẹ̀, kì í ṣe òun. Kò nílò Látìnì kankan fún èyí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn onímọ̀ tí yóò fún irú tuntun lórúkọ lọ́jọ́ iwájú. Òfin àgbáyé gba ọ̀rọ̀ láti inú èdè èyíkéyìí, ṣùgbọ́n kò gba àmì lórí lẹ́tà tàbí lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá rí ohun kan ní Ọ̀wọ̀, owoensis ni yóò kọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ìlú ni, tàbí owó, tàbí ọwọ́, tàbí ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìpínrọ̀ kan níbi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣàlàyé ibi tí orúkọ náà ti wá, òfin kò sì ka àmì léèwọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n kọ Ọ̀wọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ méjèèjì.